Yàrá Kẹta

Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Tẹ́kẹ́, ni ọkọ̀ wí. Tẹ́kẹ́.
Lẹ́yìn ìyẹn, kò wí nǹkan kan mọ́.
Pijó Bàbá, aláwọ̀ eérú,
tó ti wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ ní Òkè-Bọ́là
láti ọjọ́ kẹjọ òkú rẹ̀;
adìyẹ ti yé sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
èso ń jábọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó ń ṣà á.

Mo fi sípánà tú bátìrì,
mo gbé e sínú ike ìfọṣọ.
Ó wúwo bí ọmọ tó ń sùn.
Ìyá mi ń wò mí láti ojú fèrèsé,
kò bi mí níbi tí mò ń lọ.
Kì í béèrè nǹkan mọ́.

Abẹ́ bíríìjì Mọ́létè ni Múìnátù ń jókòó sí,
láàárín bátìrì bí ogójì tí wáyà so kọ́ra
bí ọmọ iléèwé tó dira wọn lọ́wọ́ mú sọdá títì.
Ọkọ rẹ̀ ló niṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀.
Ásíìdì ti dá ìró rẹ̀ lu,
ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí ẹni wọ àrán.
"Ìgbà wo ló kú?" ó bi mí.
Mo ní, "Ìdájí Ọjọ́bọ̀, ní Adéọ̀yọ́."
Ó wò mí títí. "Bátìrì ni mò ń bi ọ́."
Mo gbé itọ́ mì. Mo ní oṣù mẹ́sàn-án.
Ìkan náà ni.

Ó da omi gbígbóná sórí rẹ̀,
ìyẹ̀fun funfun tó hù lẹ́nu òjé hó, ó ṣàn lọ.
Ó ṣí ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà,
ó yọjú wonú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan
bí onílé tó ń wá ayálégbé tó sá láìsanwó.
"Àkọ́kọ́, ó wà láàyè. Èkejì, ó ń mí.
Ẹ̀kẹta..." Ó mirí.
"Yàrá kẹta yìí ló ń jẹ àwọn yòókù."

Mo ní kó fún un níná tó pọ̀, kó tètè yá.
Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ kan ò sí.
Ó fi ahọ́n Ìbàdàn pọ́ńbélé dáhùn:
"Iná tó bá sáré wọlé, eré náà ló máa bá jáde.
Ẹni tébi ti ń pa fún osù mẹ́sàn-án,
sé iyán lo máa kọ́kọ́ gbé síwájú ẹ̀?
Ẹ̀kọ mímu ni. Díẹ̀díẹ̀.
Padà wá lọ́la, tí Nẹ́pà bá gbà."

Nẹ́pà ò gbà.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń lọ, tí mo ń bọ̀.
Lọ́jọ́ kejì, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó,
mo jókòó sórí táyà, mò ń wo
bí omi ṣe ń hó nínú àwọn yàrá náà,
bí ẹni pé àwọn kan ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀.
Yàrá kẹta dákẹ́.
Bàbá mi náà máa ń dákẹ́ báyẹn tí mo bá ṣẹ̀ ẹ́;
mi ò tíì tọrọ gáfárà tán kó tó lọ.
Múìnátù fìka gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Ìwọ, dìde."
Ó pẹ́.
Ìfóòfó kan, tí kò tó orí abẹ́rẹ́, gòkè, ó fọ́.
Òmíràn tẹ̀ lé e.

"Mi ò ní parọ́ fún ọ, kò ní í pẹ́ láyé,
sùgbọ́n ó jí. Osù mẹ́ta, mẹ́rin.
Tó o bá ti gbé e sọ́kọ̀, má jókòó tì í.
Wà á lọ síbì kan."

Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Wáyà pupa kọ́kọ́, dúdú tẹ̀ lé e.
Tẹ́kẹ́.
Mo tún kọ́kọ́rọ́ yí.
Ó wúkọ́, ó pòṣé, ó bú,
èéfín bo igi àgbálùmọ̀, adìyẹ fò,
rédíò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn
lóhùn rara, bí Bàbá ṣe ń gbọ́ ọ nígbà tí etí rẹ̀ ń di.

Ìyá mi yọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ọṣẹ títí dé ìgúnwọ́.
Mo nawọ́ sí rédíò, mo fẹ́ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.
"Má fọwọ́ kàn án."
Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi.
"Má sì pa á. Wà á lọ."
Mo ní, síbo?
Ó ń wá bẹ́líìtì ìjókòó, kò dá mi lóhùn.